Fọ́ǹtì Wo Lẹ Fẹ́ Fi Kọ Ọ́? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Abẹ́ Lẹ́tà Ná

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń bi mí ṣáá, kì í ṣe ti bí wọ́n ṣe máa parí ìtàn o, kì í sì í ṣe ti owó. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fọ́ǹtì wo ni kí n fi kọ iṣẹ́ mi kí n tó fi ránṣẹ́?" Àwọn kan gbà pé ìbéèrè yẹpẹrẹ nìyẹn, pé ẹni tó bá mọ ìtàn kọ kò yẹ kó máa da ara ẹ̀ láàmú lórí bí lẹ́tà ṣe rí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo wà lára àwọn tó máa ń ka iṣẹ́ Yorùbá táwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́ fún títẹ̀ jáde, ewì, ìtàn kúkúrú, àròkọ, gbogbo ẹ̀, ojú mi sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá látìgbà tó bá ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ títí tó fi máa dé orí tèmi. Fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìmúra ni fọ́ǹtì. Fún àwa, fọ́ǹtì ló máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ gan-an ló dé ọ̀dọ̀ mi àbí nǹkan míì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣòfin, torí òfin wọn la ṣì ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ti fi ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń tẹ ìtàn jáde rí, á ti gbọ́ orúkọ William Shunn. Òǹkọ̀wé ni, ó gbé ìtọ́sọ́nà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ rí, ọ̀pọ̀ olóòtú kì í sì í ṣàlàyé kankan mọ́, wọ́n á kàn ní kẹ́ ẹ lọ wo ti Shunn. Ohun tó wà níbẹ̀ kò le: lẹ́tà dúdú lórí pépà funfun, ìwọ̀n 12, dọ́bù-sípéèsì (ìyẹn àlàfo ìlọ́po méjì láàárín ìlà), máájìn ínṣì kan yípo, orúkọ àti àdírẹ́sì yín lókè lápá òsì ojú ìwé àkọ́kọ́, iye ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, àkọlé láàárín, kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí orúkọ yín, ọ̀rọ̀ kan látinú àkọlé àti nọ́ńbà sì wà lókè gbogbo ojú ìwé tó kù. Kò sí èyí tí kò nídìí nínú wọn. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ torí pé pépà lè já bọ́ lórí tábìlì kó sì dàrú, dọ́bù-sípéèsì wà torí pé olóòtú ń wá ibi tó máa fi bíárò kọ nǹkan sí láàárín ìlà.

Fọ́ǹtì tó bá òfin yẹn dàgbà ni Courier. Howard Kettler ló yà á fún táípúráítà IBM láàárín àwọn ọdún 1950, IBM ò sì sọ pé àwọn nìkan ló máa máa lò ó, bó ṣe tàn ká gbogbo ayé nìyẹn. Nínú Courier, àyè kan náà ni "i" àti "w" ń gbà, lẹ́tà mẹ́wàá ló ń wọ ínṣì kan tó bá jẹ́ ìwọ̀n 12, torí náà olóòtú tó bá gbé ojú ìwé onílà 25 dání ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bíi 250 ló wà níbẹ̀, á sì ti mọ ibi tí ìtàn yẹn máa gbà nínú ìwé òun kó tó ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń kọ fíìmù ṣì ń lò ó títí dòní, wọ́n gbà pé ojú ìwé kan á tó bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Times New Roman ní tiẹ̀, ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí wọ́n ṣe é, Stanley Morison ló darí iṣẹ́ yẹn, Victor Lardent ló fọwọ́ yà á, ọdún 1932 ló sì kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ wọ inú òpó tóóró láì ni ojú òǹkàwé lára. Ìgbà tí Microsoft Word wá ń gbé e wá fúnra ẹ̀ téèyàn bá ti ṣí i, ó di fọ́ǹtì akẹ́kọ̀ọ́, fọ́ǹtì lọ́yà, fọ́ǹtì gbogbo ayé, kí wọ́n tó fi Calibri rọ́pò ẹ̀ lọ́dún 2007, tí Aptos sì tún gba ipò Calibri lọ́dún 2023. Shunn fúnra ẹ̀ ti wá gba Times New Roman láyè báyìí.

Gbogbo ìyẹn dáa, kò sì sí nǹkan tó burú nínú kéèyàn tẹ̀ lé e. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí ṣ nínú gbogbo wọn.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan lára ohun tí mò ń sọ. Láyé táípúráítà, kò sí lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jáde ní ítálíìkì nínú ìwé, ṣe ló máa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ẹni tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé á ti mọ ohun tó ń sọ. Àṣà yẹn ṣì wà, àwọn olóòtú kan ṣì ń béèrè fún un tẹ́ ẹ bá ń lo Courier. Ẹ wá kọ "ọ̀ṣọ́" kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Ìlà yẹn máa gun orí àmì abẹ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè gbé wọn mì pátápátá, ohun tí ojú mi máa rí ni "òsó". Bóyá ọ̀ṣọ́ lẹ kọ àbí ọ̀rọ̀ míì, ó kù sọ́wọ́ mi láti fi òye gbé e, tó bá sì jẹ́ ewì ni, òye mi lè ṣì mí lọ́nà. Torí náà tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ̀ ń kọ, ẹ má fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun, ítálíìkì ni kẹ́ ẹ lò, kódà kí ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fún yín sọ pé kẹ́ ẹ fa ìlà, ẹ kàn kọ ọ́ sínú ímeèlì yín ní gbólóhùn kan pé ẹ ò fà á torí àmì abẹ́ lẹ́tà. Olóòtú tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ àlàfo ìlà náà rèé. Lẹ́tà tiwa ń gùn lókè, ó tún ń gùn nísàlẹ̀. Ẹ̀ ńlá ní àmì ohùn lórí, ó ní àmì lábẹ́, ó ṣì tún jẹ́ lẹ́tà ńlá fúnra ẹ̀. Inú Word, ibì kan wà téèyàn ti lè ní kí àlàfo ìlà jẹ́ "Exactly" iye kan, àwọn tó fẹ́ kí iṣẹ́ wọn kéré lójú ìwé sì máa ń lọ fi í sí 12 tàbí 13. Ẹ má ṣe é. Ṣe ló máa gé orí gbogbo Ẹ̀ àti Ọ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, àmì ohùn ṣì wà nínú fáìlì o, ojú ò kàn ní rí i, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà á gbà pé ẹ ò fi àmì sí lẹ́tà ńlá ni. Dọ́bù-sípéèsì táwọn yẹn ṣe nítorí bíárò olóòtú, àwa ní ìdí tiwa láti fẹ́ràn ẹ̀: ó fún àmì láyè láti mí. Tí wọn ò bá béèrè fún dọ́bù, ó kéré tán ẹ fi 1.5 sí i.

Ibi tọ́rọ̀ wá ti le díẹ̀ rèé, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ. Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń rí, ètò tó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà ló ń jẹ́ Unicode. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀, 1EB9, ọ ní 1ECD, ṣ ní 1E63. Àmọ́ ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Ẹ máa kọ ẹ ná, kẹ́ ẹ wá gbé àmì ohùn lé e lórí, 0301 fún ohùn òkè, 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń rí, ọwọ́ fọ́ǹtì ló wá kù sí láti gbé àmì yẹn jókòó síbi tó yẹ. Fọ́ǹtì tó gbọ́n á gbé e sáàárín gbùngbùn orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí ò mọ̀ wá rí á jẹ́ kó bọ́ sí apá ọ̀tún, sáàárín lẹ́tà yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, tàbí kó gbé e lé orí lẹ́tà tí kì í ṣe tiẹ̀ rárá. Èdè Vietnam ní ệ tó ní àmì lórí àti lábẹ́, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní, 1EC7, wọ́n ti fún wọn látijọ́. Àwọn tó ń bójú tó Unicode sì ti sọ pé àwọn ò ní fi irú lẹ́tà alámì bẹ́ẹ̀ kún un mọ́ tó bá ti ṣeé tò pọ̀, kí ohun táwọn èèyàn ti kọ pa mọ́ má bàa dàrú. Mo mọ ìdí wọn, ó sì nítumọ̀, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí pé àwa ló ń san owó ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé lára ará Vietnam la ti ń jẹ àǹfààní tá a ní. Ẹ àti ọ tiwa wà nínú èdè wọn náà, torí náà fọ́ǹtì èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe fún Vietnam máa ní ẹ àti ọ. Kò ní ní ṣ dandan, torí pé wọn kì í lo ṣ. Ẹ ò rí nǹkan! Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ tí gbogbo ṣ inú ẹ̀ sanra ju àwọn lẹ́tà tó kù lọ tàbí tó tín-ín-rín jù wọ́n lọ, bí ìgbà tí wọ́n fi àǹkárá lẹ bùbá léèsì lápá. Fọ́ǹtì yẹn ò ní ṣ ni, kọ̀ǹpútà wá lọ yá ti fọ́ǹtì míì. Lójú ẹni tó kọ ọ́, kò sí wàhálà, ó ṣáà ń ka ṣ. Tó bá wá dé orí kọ̀ǹpútà tí ò ní fọ́ǹtì tí wọ́n lọ yá yẹn, àpótí kékeré funfun ló máa kù níbẹ̀. Mo ti ka ìtàn tí orúkọ ẹ̀dá ìtàn inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò mọ̀ bóyá Ṣadé ni wọ́n kọ àbí nǹkan míì, àfi ìgbà tí mo béèrè.

Èyí tó burú jù ni àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́. Kí Unicode tó dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa, àwọn èèyàn wa tó mọ kọ̀ǹpútà ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ́tà tiwa sí ipò àmì tá kì í sábà lò, ká ní ẹ tẹ bíráákẹ́ẹ̀tì, ọ̀ ló máa jáde, ẹ tẹ àmì ìpín nínú ọgọ́rùn-ún, ṣ ló máa jáde. Ọgbọ́n ńlá ni nígbà yẹn, kò sí ọ̀nà míì, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ohun tó wà nínú fáìlì yẹn gan-an, bíráákẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ọ̀. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí ò ní fọ́ǹtì yẹn, ewì bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọ́ á kàn di bíráákẹ́ẹ̀tì àti àmì jánganjàngan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń wọlé títí dòní, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn àgbà olùkọ́ tí wọ́n ti fi fọ́ǹtì kan náà kọ gbogbo iṣẹ́ wọn, ó sì máa ń ká mi lára torí àwọn gan-an lọ̀rọ̀ wọn jinlẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí màmá tó ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ bá wọn sọ ọ́ di PDF nísìnyí tí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì yẹn ṣì ń tàn, kẹ́ ẹ wá bá wọn tún un tẹ̀ ní Unicode díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi PDF yẹn wò ó.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú, ṣebí ẹni tó gbọ́ Yorùbá á kà á láìsí àmì." Lórí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ jáde yàtọ̀. Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ohun àná. Ọdún 1875 ni wọ́n ti ṣèpàdé l'Ékòó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló ṣe alága, wọ́n jiyàn lórí lẹ́tà, wọ́n jiyàn lórí àmì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tún ṣiṣẹ́ ńlá lórí ẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, ọdún 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tá à ń lò báyìí. Àwọn tó wá tẹ̀wé lẹ́yìn wọn ò ní gbogbo ohun tá a ní. Mo ti ṣí iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nínú ilé ìkàwé yunifásítì, táípúráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi bíárò dúdú fi àmì ohùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ máa rí ibi tọ́wọ́ ti rẹ̀ ẹ́ tí àmì ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ kò fo ọ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ bóyá fọ́ǹtì tẹ́ ẹ fẹ́ràn máa gbé yín débẹ̀? Ẹ tẹ gbólóhùn yìí sínú ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń jẹ òrom̀bó létí odò Ọ̀ṣun, ǹ bá bá a jẹ ẹ́." Ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú dé 200 nínú ọgọ́rùn-ún kẹ́ ẹ wò ó. Ṣé àmì orí Ẹ̀ wà láàárín? Ṣé Ṣ àti ṣ bá àwọn tó kù dọ́gba? Ẹ wo m̀ yẹn dáadáa, torí ń ní nọ́ńbà tiẹ̀, ǹ náà ní, ḿ náà ní, m̀ nìkan ni ò ní, òun ló sábà máa ń tú fọ́ǹtì tí ò gbọ́n fó. Tó bá jẹ́ Word lẹ̀ ń lò lórí Windows, ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ́ tó kẹ́yìn yẹn kẹ́ ẹ tẹ Alt àti X pọ̀, nọ́ńbà ló máa yọ síbẹ̀: 0301 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ tún un tẹ̀, á padà. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà míì tó ṣàjèjì lẹ rí, fọ́ǹtì ọgbọ́n àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tó tún rọrùn jùyẹn, ẹ tẹ bákìsípéèsì lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ́: àmì ohùn nìkan ló yẹ kó kúrò, kí ẹ ṣẹ́kù.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá lò? Mo máa sọ tèmi. Tí ìtọ́sọ́nà bá ti dárúkọ fọ́ǹtì, ẹ lo èyí tí wọ́n dárúkọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, àfi tó bá já nínú ìdánwò òkè yìí. Tí wọn ò bá dárúkọ kankan, Times New Roman tó wà nínú Windows òde òní ń gbé àmì wa dáadáa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo olóòtú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ Yorùbá ni Charis SIL àti Gentium. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àjọ SIL ló gbé wọn síta, àwọn tó ń bá èdè kéékèèké àti ńláńlá ayé ṣiṣẹ́, torí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ro ti lẹ́tà alámì méjì mọ́ ọn. Orí Charter tí Matthew Carter ṣe ni wọ́n gbé Charis lé, ó dúró sán-ún, ó dáa lójú pépà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀, kódà kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé má dáa tó. Gentium tí Victor Gaultney yà fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, mo máa ń lò ó fún ewì. Noto Serif ti Google náà wà, òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ń fi Google Docs ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Courier, ẹ dán an wò dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e fún Yorùbá, àyè kan náà tó ń fún gbogbo lẹ́tà yẹn kì í jẹ́ kí àmì rí ibi jókòó sí nínú àwọn kan lára ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì ọlọ́nà-ọ̀nà, àwọn oníkíkọ-ọwọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún káàdì ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ Yorùbá láti Kétu tàbí Àjàṣẹ́, ɛ àti ɔ ló kọ́ nílé ẹ̀kọ́ dípò ẹ àti ọ, sh ló sì ń lò dípò ṣ. Nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wọlé, mo ti rí i tí wọ́n ní kí òǹkọ̀wé lọ yí gbogbo ẹ̀ padà kí wọ́n tó kà á, ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ẹ kà á bó ṣe wá. Charis ní ɛ́ àti ɔ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, bó bá sì yẹ ká yí i padà fún títẹ̀, iṣẹ́ olóòtú nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á.

Tó bá kan irú fáìlì, .docx, ìyẹn fáìlì Word, ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi PDF tì í. Méjèèjì. Olóòtú ò lè ṣàtúnṣe sínú PDF bó ṣe fẹ́, òun ló fi ń béèrè .docx, àmọ́ PDF ló ń gbé fọ́ǹtì yín dání wọlé, òun lẹ̀rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójú yín. Tí lẹ́tà kan bá dàrú nínú èkíní, mo ti lè wo èkejì. Nínú Word ti Windows, ibì kan tún wà lábẹ́ File, Options, Save tẹ́ ẹ ti lè ní kó di fọ́ǹtì mọ́ fáìlì náà fúnra ẹ̀, ẹ máàkì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò ojú ìwé fi ránṣẹ́, ẹ má sì lẹ ewì mọ́ inú WhatsApp. Orúkọ fáìlì, ẹ má fi àmì sí i, ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa sọ bẹ́ẹ̀, torí pé bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń to àmì pọ̀ nínú orúkọ fáìlì yàtọ̀ sí ti òmíràn, wẹ́bùsáìtì míì ò sì ní gbà á wọlé rárá. Orúkọ yín àti àkọlé ti tó. Tó bá sì jẹ́ ìdíje tí wọ́n ní kí orúkọ má hàn, ẹ rántí pé orúkọ yín lè ṣì fara pamọ́ sínú fáìlì, ẹ lọ yọ ọ́ níbi Info, Inspect Document.

Ìlà pupa tí Word máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ń bo àmì abẹ́ lẹ́tà nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ ò sì ní tètè rí ibi tẹ́ ẹ ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ yan gbogbo iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ lọ fi èdè ẹ̀ sí Yoruba, ó wà nínú àwọn èdè inú Word, tàbí kẹ́ ẹ ní kó má yẹ sípẹ́lì wò. Nígbà kan náà ẹ pa àtúnṣe àdáṣe tó ń ṣe fúnra ẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀, ó sì máa ń fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí ò bi í.

Tí ìtàn yín bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ sì ń fi ránṣẹ́ sókè òkun, orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú inú ẹ̀ ló wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ àmì kúrò lórí orúkọ torí wọ́n gbà pé olóòtú òyìnbó ò ní fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àmì wà níbẹ̀, ẹ fi sí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó má jẹ́ pé ó wà lójú ìwé kìíní kó sì pòórá lójú ìwé kẹta, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Ẹni tó ń to ìwé náà lẹ́yìn máa nílò láti mọ̀ kó tó yan fọ́ǹtì tiẹ̀.

Iye ọ̀rọ̀, ẹ kíyè sí i díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kúrú, ó sì pọ̀. Ẹni tó kọ "nígbà tí" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà 1974 ṣe ní ká máa kọ ọ́, Word máa kà á sí méjì, ẹni tó so ó pọ̀ á ní ẹyọ kan. Nínú ìtàn gígùn ìyàtọ̀ yẹn á kóra jọ. Torí náà, tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ 3,000, tí tiyín sì fi díẹ̀ lé, ẹ má lọ máa so ọ̀rọ̀ pọ̀ kó lè dín kù, olóòtú máa rí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdíje àti ìwé àtìgbàdégbà Yorùbá ló ń lọ. Mo máa ń rí ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ṣàdàkọ tààràtà látinú ti Gẹ̀ẹ́sì, Courier tàbí Times, 12, dọ́bù-sípéèsì, ó parí. Ẹ fi ìlà díẹ̀ kún un: pé kó jẹ́ Unicode, pé kí wọ́n má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, pé kí PDF bá .docx rìn. Ẹ gbé fáìlì àpẹẹrẹ kan síbẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ ti wà létòlétò, tí òǹkọ̀wé á kàn kọ tiẹ̀ lé e lórí, kẹ́ ẹ sì dárúkọ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ kan pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti lè rí i gbà. Ọmọ tó ń fi fóònù kọ ìtàn ẹ̀ ní Ṣakí tàbí Ìkàrẹ́ ò yẹ kó lọ máa wá ohun tí Alt àti X ń ṣe kiri kí ẹ tó ka iṣẹ́ ẹ̀.